Ẹ fún ọ̀gá akọrin ní ọ̀rọ̀ kí ẹ tó bèèrè orin

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àsìkò tí àwọn ìgbìmọ̀ ìkórè ń jókòó la tún bọ́ sí yìí, láti Ìjọmu ní Àkúrẹ́ títí dé Òkè-Àlúkò ní Oǹdó. Ohun kan náà ni wọn yóò sì sọ fún ọ̀gá akọrin wọn: "Ọ̀gá, áńtẹ́mù tuntun la fẹ́ lọ́dún yìí o, Yorùbá pọ́ńbélé ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́." Áńtẹ́mù ni orin àkànṣe tí ẹgbẹ́ akọrin ń kọ fún ìjọ, ohun tó dára sì ni wọ́n ń bèèrè. Ìgbà tí wọ́n ń bèèrè rẹ̀ ni kò dára. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í sọ ọ́ jáde títí yóò fi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, tí kò sì tíì sí ẹni tó mọ ẹsẹ Bíbélì tí ìkórè náà dúró lé. Ọ̀gá akọrin a wá mú ohùn orin òyìnbó kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, a to ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ rẹ̀, ìjọ a pàtẹ́wọ́, wọn a sì lọ sílé láìgbọ́ ohun tí wọ́n kọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde kí àwọn àlùfáà, àwọn alàgbà àti àwọn ìgbìmọ̀ lè mọ ohun tó wà nínú iṣẹ́ ẹni tó ń darí orin tó tún ń fúnra rẹ̀ kọ orin tuntun sílẹ̀. Nínú èdè Yorùbá, inú ọ̀rọ̀ ni orin ti ń jáde. Ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì fún un láyè láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ti ní ohùn tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi orin kàn án. Bí orin bá yí ohùn náà po, ìtumọ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ gbé "ẹ̀yin ará" sórí ohùn kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹyin adìyẹ ló dà létí. Ẹ jẹ́ kí orin wálẹ̀ kó tún fò sókè lórí "ogun" nínú "ọmọ ogun Kristi", ọmọ Ògún la ń pe ara wa yẹn, nínú ilé Ọlọ́run, ní Oǹdó tí wọ́n ti ń ṣọdún Ògún lọ́dọọdún. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù" a di ẹ̀jẹ́, "ìlú mímọ́" a di ìlù. Àìbìkítà kọ́ ló mú àwọn tó túmọ̀ orin fún wa láyé àtijọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn orin ti wà nílẹ̀ láti ìlú òyìnbó kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó dé, ọ̀rọ̀ ló sì ní láti gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ orin tuntun lónìí kò ní àwáwí kankan, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ohùn orin wà.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ó pẹ́. Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti (1855–1930) fi ohùn orin Ẹ̀gbá gbé ọ̀rọ̀ ìhìnrere, ó sì kọ ọ́ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Thomas Ekundayo Phillips (1884–1969) tẹ dùùrù, ó sì darí akọrin ní Kàtídírà ti Marina ní Èkó láti 1914 títí di 1962. Láàárín iṣẹ́ yẹn náà ló ń kọ orin, ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá sì jáde ní 1953. Ní Jámánì, Johann Sebastian Bach wà lórí irú iṣẹ́ alápá méjì yìí kan náà ní ìlú Leipzig láti 1723 títí tó fi kú ní 1750. Ẹni tó ń kọ orin fún àwọn akọrin tó ń kọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ mọ ohun tí ọ̀fun wọn lè gbé. Àǹfààní yìí tóbi, àwọn ìjọ wa kò sì tíì lò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ẹ mú Orin Dáfídì 103, ẹsẹ kìn-ín-ní: "Fi ìbùkún fún Olúwa, ìwọ ọkàn mi." Kí ọ̀gá akọrin tó jókòó sídìí dùùrù, kó kọ gbólóhùn yìí sórí ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Kó wá ẹni tí Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, kí ìyẹn kà á lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí òun sì fi fóònù gbà á sílẹ̀. Kó má jẹ́ kó kà á bí ẹni ń ka Bíbélì lórí pẹpẹ, torí ohùn pẹpẹ máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Ohun tó máa gbọ́ ni pé "Fi" wà láàárín, "ìbù" lọ sílẹ̀, "kún fún" gòkè wọ́n sì dúró sójú kan náà, "O" padà sáàárín, "lú" gòkè, "wa" wálẹ̀. Ní apá kejì, "ì" wà nísàlẹ̀, "wọ" àti "ọ" ga jù ú lọ díẹ̀, "kàn" tún wálẹ̀, "mi" tún gòkè díẹ̀. Ọ̀nà ti là nìyẹn. Ní sólífà, níbi tí a ti ń fi d r m f s l t kọ ohùn orin láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, apá kìn-ín-ní lè jẹ́ m r d s s m s m. Apá kejì lè jẹ́ d r r l d, kí l yẹn jẹ́ l ìsàlẹ̀, èyí tó wà lábẹ́ d.

Ẹ tún un wò. "Fi" jẹ́ ohùn àárín, ó wà lórí m. "Wọ" náà jẹ́ ohùn àárín, r ló wà. "Mi" tún jẹ́ ohùn àárín, d ló sì parí sí. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, ohùn wa máa ń rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbólóhùn fi máa parí. Ohun tí etí ń wò ni bóyá sílébù yìí ga ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ, tàbí kò ga tó o, tàbí wọ́n dọ́gba. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ orin ti ń kọsẹ̀. Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé ohùn ìsàlẹ̀ ni dò, àárín ni re, òkè ni mí, wọ́n wá rò pé gbogbo sílébù tó ní àmì ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí d ti sólífà, gbogbo èyí tó ní àmì òkè lórí m. Irú orin bẹ́ẹ̀ a há, kò ní rìn kúrò lójú kan, ẹni tó kọ ọ́ a sì máa dá èdè Yorùbá lẹ́bi pé kò gba orin.

Ìparí gbólóhùn ló le jù lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn orin òyìnbó ló ń parí pẹ̀lú m r d. Ẹ gbé "ọkàn mi" lé e lórí: "mi" bọ́ sísàlẹ̀, ó di "ọkàn mì", ọkàn tó ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọpẹ́ la ń dá. Ìdí nìyẹn tí l ìsàlẹ̀ fi wà lábẹ́ "kàn" nínú àpẹẹrẹ tí mo kọ sókè: kí "mi" lè gòkè, síbẹ̀ kí orin parí sórí d. Ẹsẹ kejì wá yàtọ̀ pátápátá: "má sì ṣe gbàgbé gbogbo oore rẹ̀." "Rẹ̀" wà nísàlẹ̀ níbí, nítorí náà "oore rẹ̀" gba r r r d wẹ́rẹ́. Bí ọ̀gá akọrin bá fẹ́ kí ẹsẹ méjèèjì parí bákan náà tó sì fi tipátipá gbé "rẹ̀" sókè, "oore rẹ" ni ìjọ máa gbọ́, wọn ò sì ní mọ̀ bóyá Olúwa là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ àbí Olúwa là ń bá sọ̀rọ̀.

Nítorí èyí, ohùn orin kan kò lè gbé ẹsẹ mẹ́fà, bó ti wù kó dùn tó. Ọ̀nà tó wà kò pọ̀. Ọ̀gá akọrin lè kọ ohùn orin tuntun fún ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, èyí tó dára fún ìsìn Ọjọ́ Ẹtì Rere tàbí ìsìn ìsìnkú, tí ìjọ á jókòó tí wọ́n á gbọ́. Ó lè wá ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn bá ti ẹsẹ kìn-ín-ní mu ní sílébù kọ̀ọ̀kan; iṣẹ́ ńlá nìyẹn, ìlà mẹ́rin lè gba odidi ọ̀sẹ̀. Ó sì lè lo lílé àti ègbè. Alélé a máa yí ohùn rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń yí, ègbè kò ní yí padà rárá. Fún ìkórè àti ìdúpẹ́, èmi ò mọ ọ̀nà tó dára ju èyí lọ. Bí ègbè kò bá ju sílébù mẹ́wàá lọ, ìjọ á ti mọ̀ ọ́n kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, alélé á sì lè gbé ìtàn gígùn láìba èdè jẹ́.

Ó ku háámónì, ìyẹn bí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń kọ papọ̀, ibi tí akọrin tó mọ̀wé pàápàá ti ń ṣìnà. Nígbà tí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (tírébù tó ga jù, áátò, tẹ́nọ̀, àti béèsì tó rẹlẹ̀ jù) bá ń pe ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tírébù ni etí ń tẹ̀ lé, nítorí náà áátò lè dúró lórí s fún ìgbà díẹ̀ kí ìtumọ̀ má sọnù. Ṣùgbọ́n níbi tí tẹ́nọ̀ tàbí béèsì bá ti dá wọlé, tàbí tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu tírébù tí wọ́n ń tún un pè, àwọn náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, kò sí àwáwí níbẹ̀. Ìparí tún ni kí ẹ ṣọ́ jù. Lábẹ́ "kàn mi", kí tírébù kọ l d, áátò f s, tẹ́nọ̀ d m, béèsì f d, kí d ti béèsì jẹ́ èyí tó wà lókè f rẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo wọn á jọ gòkè. Ẹni tó kọ́ háámónì láti inú ìwé òyìnbó lè fa ìlà pupa sí i, nítorí ìwé fẹ́ kí béèsì máa wálẹ̀ bí tírébù bá ń gòkè. Kó fa ìlà pupa rẹ̀. Béèsì márùn-ún tó lóhùn tó bá wálẹ̀ lórí "mi" lè bo tírébù mẹ́wàá mọ́lẹ̀, "mì" ni ìjọ yóò sì gbọ́. Níbi tí ọ̀gá akọrin bá ti fẹ́ kí áátò àti tẹ́nọ̀ máa rìn bó ṣe wù wọ́n, kó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, kí wọ́n máa fi imú kọ ọ́ tàbí kí wọ́n máa pe "a".

Kí ọ̀gá akọrin tó yan kíì, ìyẹn nóòtì tí d máa dúró lé, kó wo bí orin ṣe gùn sókè sódò. Àpẹẹrẹ tiwa yìí lọ láti l ìsàlẹ̀ dé s. Ní kíì C, l yẹn ti jìn jù fún tírébù, ohùn wọn á kàn máa mí afẹ́fẹ́ ni. Ní B♭, s á bọ́ sórí F òkè. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n tí ó bá wà níbẹ̀ fún ojú ìwé méjì, ọrùn àwọn obìnrin tó ti sọ̀rọ̀ lọ́jà láti òwúrọ̀ á le, ohùn á di ariwo. Kíì G ló bá a mu: E ìsàlẹ̀ dé D òkè. Kí gbogbo ọ̀gá akọrin ní ìwé kan tó kọ ohùn olúkúlùkù akọrin sí, èyí tó rẹlẹ̀ jù àti èyí tó ga jù tí onítọ̀hún lè kọ láìfún ọrùn pọ̀, kó sì tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí tẹ́nọ̀ bá ku méjì, kó má ṣe kọ áńtẹ́mù ohùn mẹ́rin kó wá máa bá wọn jà. Kó kọ ọ́ fún ohùn mẹ́ta, kí tẹ́nọ̀ méjì yẹn dara pọ̀ mọ́ béèsì lórí ìlà tí kò rẹlẹ̀ jù. Orin ohùn mẹ́ta tó dúró ṣinṣin sàn ju orin ohùn mẹ́rin tí ọ̀kan nínú rẹ̀ ń wọ́lẹ̀ lọ.

Kíkà sílébù náà ń fa wàhálà. "Oore" jẹ́ sílébù mẹ́ta, "àánú" jẹ́ mẹ́ta, "ń" nínú "Ó ń bọ̀" sì jẹ́ sílébù kan gbáko tó ní ohùn òkè tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní nóòtì tirẹ̀. Ẹni tó bá fún "Ó ń bọ̀" ní nóòtì méjì ti sọ ohun tó ń bọ̀ di ohun tó ti bọ̀. Bí a bá pa fáwẹ̀lì jẹ láti bá ìlù mu, ohùn òkè kì í bá a lọ: "ní ilé" di "nílé", òkè yẹn sì ṣì wà níbẹ̀. Kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sórí ìwé, kó má fi sílẹ̀ fún akọrin láti méfò.

Lórí ìlù, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Bí ìyáàlù bá máa wọlé, kó sọ ọ̀rọ̀ tí akọrin ń kọ, tàbí kó dákẹ́ títí gbólóhùn fi máa parí kó tó fèsì. Ìyáàlù tó ń ki olówó ìjọ nígbà tí tírébù ń pe orúkọ Olúwa ń ba ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́. Gúdúgúdú àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lè máa bá iṣẹ́ wọn lọ, àwọn kì í ṣèdíwọ́ fún ọ̀rọ̀. Kí onídùndún wá sí ìdánrawò méjì tó gbẹ̀yìn ó kéré tán, kó gbọ́ kíì tí a wà.

Ẹ̀ka-èdè tiwa ńkọ́? Mo dunnú bí ìjọ bá ní kí wọ́n fi èdè Oǹdó tàbí ti Àkúrẹ́ kọ ègbè. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá akọrin má gbójú lé ohun tó rò pé òun mọ̀. Kó bá ìyá àgbà ọmọ bíbí ìlú sọ̀rọ̀, kí ìyá náà sọ ìlà yẹn lẹ́nu, kó gbà á sílẹ̀, kó sì kọ ohùn tó gbọ́, kì í ṣe ohùn Yorùbá inú ìwé. Bí ó bá ti kọ "ulé", kó dúró lé e. Akọrin tó wá láti ibòmíì a fẹ́ sọ ọ́ di "ilé" láìmọ̀, ìdajì á máa pe ti ibí, ìdajì á máa pe ti ọ̀hún, fáwẹ̀lì méjì á sì pàdé lórí nóòtì kan.

Ìdánrawò wá kàn. Wákàtí kan àbọ̀, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tó fún áńtẹ́mù ìṣẹ́jú mẹ́rin bí wọ́n bá lò ó dáadáa. Àṣà wa ni pé kí a kọ sólífà títí yóò fi mọ́ wa lẹ́nu, kí a tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Fún orin Yorùbá, ẹ yí i padà. Kí gbogbo akọrin kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà pọ̀ bí ẹni ń sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n kà á sórí ìlù pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni sólífà á wá tẹ̀ lé e, ohùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kí béèsì àti tírébù kọ́kọ́ pàdé, torí àwọn ni ògiri méjèèjì. Kí áátò wọlé, kí tẹ́nọ̀ kẹ́yìn. Bí wọ́n bá dé orí ọ̀rọ̀, etí wọn ti mọ ibi tí ohùn ń lọ, ẹni tó bá ṣi nóòtì kọ á gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀nà yìí máa ń ran àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ sólífà lọ́wọ́ gan-an, àwọn ló sì pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ akọrin wa.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ jù ni pé ohùn á máa wọ́ wálẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní G láìsí dùùrù, nígbà tí dùùrù fi máa wọlé ní ẹsẹ ìkẹyìn, wọ́n ti wà ní F♯, gbogbo ilé á dàrú. Orin Yorùbá ní ìdí tirẹ̀ fún èyí. Ohùn àárín pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa, wọ́n á tò tẹ̀ lé ara wọn lórí nóòtì kan, bí ẹnu bá sì ṣe ń tún nóòtì kan náà pè ló ń rọ̀ sílẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀. Kí ọ̀gá akọrin sọ fún wọn pé kí wọ́n ro nóòtì tí wọ́n ń tún pè bíi pé ó ń gòkè, kí wọ́n mí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì gbé m sókè dáadáa. Bí nóòtì àárín bá tò ju mẹ́fà lọ, kí ẹni tó ṣe orin náà gbé ọ̀kan nínú wọn kúrò lójú kan díẹ̀, níbi tí kò ti ní yí ìtumọ̀.

Kí ẹnì kan sì máa wo kíbọọ̀dù kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó lò ó kẹ́yìn bá ti tẹ "transpose", bọ́tìnì tó ń gbé kíì sókè tàbí sílẹ̀, sókè méjì tí kò dá a padà, G tí a fi kọ́ orin á di A, a ò sì ní mọ̀ títí tírébù fi máa dé ibi tó ga jù. Kí fọ́ọ̀kì ìgbohùn tí wọ́n ṣe fún A 440 (irin kékeré tí a ń lù láti gbọ́ nóòtì A) máa wà nínú àpò ọ̀gá akọrin, nítorí iná lè lọ nígbàkígbà, jẹnẹrétọ̀ sì lè kọ̀.

Dída orin kọ náà nílò ìtọ́jú. Bí a bá ń kọ sólífà láti ojú bọ́ọ̀dù, àmì kékeré tó ń sọ pé nóòtì wà nísàlẹ̀ tàbí lókè ló máa ń kọ́kọ́ sọnù, l ìsàlẹ̀ "kàn" á di l òkè, gbólóhùn á wá dojú rú. MuseScore wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ orin, ó sì máa ń gbé e jáde ní PDF. Kí ó lo fọ́ǹtì tó gba ẹ́ àti ọ̀ pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ wọn, irú bíi Charis SIL, kí àpótí òfìfo má bàa dípò lẹ́tà. Kó fi gbogbo àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ nóòtì. Kó ka ẹ̀dà kan pẹ̀lú ẹni tí kò kọ orin náà kó tó ṣe ọgbọ̀n ẹ̀dà.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì láti yan ọ̀rọ̀, láti gé e mọ́, láti fi àmì sí i, láti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ohùn orin. Ọ̀kan fún háámónì, ọ̀kan fún títẹ̀ àti àtúnṣe. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún fún ìdánrawò. Ọ̀sẹ̀ méjìlá nìyẹn. Ìjọ tí ìkórè rẹ̀ wà ní àárín Oṣù Kọkànlá, àárín Oṣù Kẹjọ ló yẹ kí ẹsẹ Bíbélì ti wà lọ́wọ́ ọ̀gá akọrin. Bí ẹ bá yí àkòrí padà ní Oṣù Kẹwàá, ẹ má ṣe bèèrè orin tuntun mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún èyí tí wọ́n mọ̀ kọ, kó dára.

Bí ẹ bá ń gba ọ̀gá akọrin tuntun síṣẹ́, ẹ má wo bí ìka rẹ̀ ṣe ń sáré lórí kíbọọ̀dù nìkan. Ẹ fún un ní ìlà mẹ́rin nínú Orin Dáfídì, ẹ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, kó mú ohùn orin rẹ̀ wá. Kí ẹnì kan kọ ọ́ fún ìyá kan nínú ìjọ tí kò rí ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé, ẹ wá bi ìyá náà pé kí ló gbọ́. Àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Adéyẹmí ní Oǹdó wà láàárín wa, iṣẹ́ yìí kò sì ju agbára wọn lọ bí a bá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ san owó iṣẹ́ méjèèjì. Owó oṣù tí ẹ ń san jẹ́ ti ìdarí àti ìdánrawò. Kíkọ orin jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tó ń gba òru. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ lórí orin máa ń wà ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹni tó kọ ọ́ àti fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Láti ìgbà tí orin ti wà lórí ìwé ni ẹ̀tọ́ náà ti wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ènìyàn lè fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission. Kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọdún tó kọ ọ́ wà lójú ìwé kìn-ín-ní gbogbo ẹ̀dà. Kí ìjọ àti ọ̀gá akọrin fọwọ́ sí ìwé kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ pé ìjọ lè máa kọ ọ́ ní gbogbo ìsìn wọn láìsan kọ́bọ̀, kó sì sọ ẹni tó ni owó tó bá wọlé bí ìjọ bá gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì tàbí tà á. Ojú ìwé kan tó. Bí ọ̀gá akọrin bá kúrò, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ̀kan wà nínú àpótí ìjọ, nítorí ọ̀pọ̀ orin dáadáa ló ti bá ìwé tí òjò pa lọ ní yàrá akọrin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá akọrin kan,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.